Fèrè Méjì

Fèrè méjì ló ń pàṣẹ fún pápá wa.
Ọ̀kan wà lẹ́nu rẹfirí, kò ju àtàǹpàkò lọ.
Ìkejì wà lórí òrùlé ilé-iṣẹ́ sadíìnì,
a máa ké bí abo màlúù tó ń wá ọmọ rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó ń béèrè èwo lọ̀gá.

Ìwé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi báyìí.
Ọwọ́ Venâncio bàbá mi, aṣọ́lé, ni mo ti jogún rẹ̀,
pẹ̀lú gbèsè kékeré kan nílé ọlọ́tí
àti ìbọ̀wọ́ awọ kan, ọ̀tún nìkan,
tí òórùn ẹja kò tíì fi sílẹ̀.

Ojú ìwé kìíní: ọdún tí ẹja pọ̀ ní gúúsù Pọtogí
débi pé wọ́n ń kó o dà sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́.
Ọkùnrin mọ́kànlá. Mẹ́fà ń fi òjé dí agolo,
mẹ́ta ń dáná ẹ̀rọ, bàbá mi ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe,
ìkọkànlá jẹ́ àna akọ̀wé.
Aṣọ wọn pupa bí omi tòmátì inú agolo.
Zulmira ló rán nọ́ńbà sí i lẹ́yìn;
kò kàwé, ó dorí mẹ́sàn-án kodò,
ọdún méje gbáko la fi ní mẹ́fà méjì.
Àwọn alátakò ò mọ ẹni tí wọn ó ṣọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ Ìsinmi kan, oṣù Kẹsàn-án,
àwa àti àwọn agékọ́ọ̀kì láti orí òkè.
A ti jẹ méjì, wọ́n ti jẹ ọ̀kan,
ó ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún,
ife wà lórí tábìlì, wọ́n faṣọ bò ó nítorí eṣinṣin.
Ni fèrè òrùlé bá ké.

Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Ẹja kì í gbọ́ "ẹ dúró ná".
Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ Belmiro. Ó wò ó,
ó wo òrùlé, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn,
ó sáré. Gbogbo wọn sáré,
ìṣó bàtà wọn ń ró kò-kò-kò lórí òkúta títì.
Àwọn obìnrin tó ń pariwo létí pápá ti lọ ṣáájú,
Zulmira ń so aṣọ iṣẹ́ mọ́dìí bó ṣe ń sáré.

Ẹnìkan ló kù: bàbá mi, lójú ilé,
nítorí ọkọ̀ akẹ́rù kò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.
Ọkùnrin mọ́kànlá kọjú sí ọ̀kan ṣoṣo.
Olegário, géńdé wọn, da bọ́ọ̀lù bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
ó dé iwájú àwọ̀n,
ó jókòó lé e lórí.
"Ṣé o ní sìgá?"
Wọ́n mu ún títí àkókò fi pé.
Rẹfirí fun fèrè tirẹ̀. Ta ni ìbá gbọ́?

Àwọn aláṣẹ ní a sá, wọ́n gbé ife fún ará òkè.
Ará òkè dá a padà. Àwa náà ò gbà á.
Ó ṣì wà nílé ọlọ́tí kan láàárín ọ̀nà,
ẹyin ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹja wọ́n.
"Belmiro ti lọ sí Faransé." "Ènìyàn méje ló wá."
Ojú ìwé tó kẹ́yìn, owó ọṣẹ nìkan ló wà níbẹ̀.
Wọ́n ta fèrè òrùlé fún onírin àlòkù.
Ilé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló wà lórí pápá,
adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbi tí bàbá mi ń dúró sí.
Wọ́n ní bí iná bá kú, a feérú bojú.
Ẹgbẹ́ kú, kí ló fi bojú?
Èmi tí n kò gbá bọ́ọ̀lù rí,
àti ìbọ̀wọ́ ọ̀tún.

Ọdún tí bàbá mi lò kẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi kan ké lóru.
Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, láìwọ bàtà,
ó na ọwọ́ méjèèjì kan férémù.
"Ẹ lọ," ó ní, "ẹ máa lọ síṣẹ́ yín.
Mo wà ńbí."