Ilé Mọ́kànlá

Wọ́n gé Sábẹ̀ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin
bí Fúlàní ti í gé wàgáṣì.
Mú ọ̀kan, yà á, tún mú òmíràn;
èyí tó bá parí a tutù bí ewé.

Lánàá mo ṣí igun tí wọ́n bí mi sí.
Ó ti tutù yọ̀yọ̀. Ẹnì kan tí n ò mọ̀
lo ìṣẹ́jú mẹ́rin níbẹ̀, ó ní ó parí.

Ó ya ilé mọ́kànlá.
Òkúta ni.
Òjò fọ̀ ọ́, oòrùn mú un dán bíi páànù.
Orí ẹ̀ la ti ń sá gbàgúdá;
kò sẹ́ni tó sùn níbẹ̀ rí àfi alángbá,
àti Bíáù lọ́jọ́ tí ìyàwó lé e síta.

Ọ̀nà tó fà gbọọrọ yẹn, odò ni,
ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀.
Ilé ìyá mi ńkọ́? Koríko la fi bò ó,
ó wà lábẹ́ kajú.
Kò sí níbẹ̀.

N ò lè bú u. Iye igun la fi ń yìn wá.
Èmi náà ti ya ìlú tí n ò lè pe orúkọ rẹ̀,
lóru, pẹ̀lú oorun lójú:
òkúta mélòó ni mo fún ní òrùlé?

Mo pe ìyá mi, mo ní wọn ò rí ilé wa.
Ó ní, "Ta ni wọ́n bi?"

Mo pa mọ́kànlá rẹ́. Mo ya ẹyọ kan.
N ò tíì tẹ̀ ẹ́ pé ó parí.