Afárá Aláìléjìká

Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀mí àìrí ló wà níbẹ̀.
Alàgbà Ògúnsàkin ti bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ní kí n gbé òróró àdúrà lọ, kí n ta á sí ẹsẹ̀ afárá.
Mo ní, Bàbá, ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ti tó,
òun gan-an ló ń yọ táyà.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi ọkọ̀ ìwọ́kọ̀
wọ́ ohun tó bá ṣẹ́kù kúrò lórí odò Ohio,
láàárín Covington àti Cincinnati.
Mo mọ afárá náà bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi:
èyí tó ń dùn mí, èyí tó ti ń mì.

Àjà méjì ni. Àwọn tó ń lọ sí gúúsù wà lókè,
àwọn tó ń lọ sí àríwá wà nísàlẹ̀, nínú òkùnkùn ọ̀sán.
Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, mọ́tò ò tíì pọ̀,
etí ọ̀nà sì wà tí mọ́tò tó ń ṣàìsàn lè yà sí, kó mí.
Èjìká ni àwọn onílùú ń pe etí ọ̀nà yẹn.
Mọ́tò wá ń bí mọ́tò.
Àwọn tó mọ ìṣirò jókòó,
wọ́n fi ọ̀dà funfun gé èjìká rẹ̀ méjèèjì,
wọ́n sọ ọ̀nà mẹ́ta di mẹ́rin,
wọ́n sì lọ jẹun ọ̀sán.

Àwọn àgbà wa ní èjìká ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wù bọ́.
Wọn ò dé Covington rí.

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.
Aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Tírélà ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Kentucky,
ẹrù rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn bí olówó èlé.
Ẹni tó ń lọ sí Dayton fẹ́ wà lápá òsì,
ẹni tó ń lọ sí Columbus fẹ́ wà lápá ọ̀tún,
ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ wà láàárín, ó ń wo fóònù.
Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pinnu kí afárá tó tán.
Níbẹ̀ ni ọkọ̀ Ìbídùnní kú sí.

Kò sáré. Kò mutí. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ló já.
Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ òru ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Ó wo ọ̀tún: irin.
Ó wo òsì: tírélà.
Ó tan iná pàjáwìrì, ó di sítíárì mú.
Ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ bíréèkì, ó yọ.
Ẹni kejì tẹ̀ ẹ́, òun náà yọ.
Ẹni kẹta ń nu kọfí tó dà sí i lẹ́sẹ̀.

Wọ́n pè mí. Máìlì méjì péré ni mo wà sí wọn.
Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi rìn ín,
nítorí ibi tí ìrànlọ́wọ́ ì bá gbà
ni wọ́n ti fi ọ̀dà sọ di ọ̀nà ẹlòmíràn.
Áńbúláǹsì ń ké lẹ́yìn mi. Ta ni yóò yà fún un,
kó yà sí ibo?
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tó wà níwájú, ìyá wọn, bàbá wọn.
Verlin ọ̀gá mi, tó ti ń wọ́ mọ́tò kí wọ́n tó bí mi,
dá mi lóhùn lórí rédíò:
"Bó o bá da omi garawa méjì sínú garawa kan,
ṣé omi lo máa bú?"

Ẹsẹ̀ Ìbídùnní ti ń jinná. Ó ní kí n bá òun kí Alàgbà.
Èmi ńkọ́? Iye mọ́tò tí mo bá wọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún mi.
Owó ilé-ìwé ọmọ mi, ibi tí wọ́n ti gé èjìká yẹn ló ti ń jáde,
mi ò sì tíì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún láìwolẹ̀.

Wọ́n ní àwọn máa kọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́.
Bí mo bá délé lóru, ìyàwó mi a bu àbóníkí,
a fi ra èjìká mi, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì,
a ní, "Ṣé ibí ló ti ń dùn ọ́?"
Mo ní rárá,
ṣùgbọ́n kó má dáwọ́ dúró.