Àga Kẹrìnlá, Ìlà Kẹta

Ẹ má sọ fún mi pé irọ́ ni.
Mo mọ̀.
Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo wà léjìká bàbá mi
níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin Hachinohe,
tí òjò dídì ń bọ́ sí wa lórí bí ìyẹ́ adìẹ,
tí igba ènìyàn ń wo tẹlifíṣàn kan ṣoṣo
tí kò fẹ̀ ju ojú fèrèsé lọ.
Ọkùnrin kan gbé ọkùnrin kejì ṣánlẹ̀.
Bàbá mi, tó ti ya odi láti ìgbà tó ti ojú ogun dé,
pariwo.
Ohùn rẹ̀ gba itan mi wọlé.
Kò tíì jáde.

Ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá ni mo ń tú ìfun rẹ̀ jẹun.
Ogójì ọdún ni tàdáwà rẹ̀ fi ń gbé abẹ́ èékánná mi;
mo fọ̀ ọ́ títí, ó ní òun ò lọ.
Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn oníjàkadì ń wá sí gbọ̀ngàn ìlú
nínú bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń húkọ́.
Àga kẹrìnlá, ìlà kẹta, tèmi ni.
Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé òun yá a ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi yan àwọn tó ń gba bẹ́líìtì.
Èmi yan Mabuchi Iwao,
ẹni tí wọ́n máa ń dá kí orúkọ ẹlòmíràn lè ròkè.
Gbogbo ayé ń yin ẹni tó dáni;
ẹni tó mọ ìṣubú í ṣe, ta ní ń kí i?
Ó máa ń ṣubú bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún àlejò.
Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ọjọ́, ìlú, ẹni tó dá a.
Èyí tí ojú mi ò tó, mo kà á nínú ìwé ìròyìn.
Ìṣubú ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlá.
Ìgbà tó borí, mẹ́tàdínlógún;
gègé pupa ni mo fi kọ ìyẹn.

Shōkichi ọkọ mi á rẹ́rìn-ín:
«O sanwó kí wọ́n lè parọ́ fún ọ?»
Mo ní, «Ìwọ ń kọ́, tó o ń tẹrí ba níbi ìsìnkú
fún òkú tí o ò fẹ́ràn?»
Kò fèsì. Ó bu ìrẹsì kún ìrẹsì.

Lálẹ́, mo máa ń ká rìbọ́nì bébà,
aláwọ̀ ewé, nítorí ṣòkòtò Mabuchi.
Bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀, mo á jù ú,
á fò kọjá okùn, á máa tú ara rẹ̀ lójú òfuurufú,
ìdí rẹ̀ á kù sọ́wọ́ mi.
Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó gbá a kúrò,
èmi àti òun so mọ́ra.

Shōkichi kú nínú oṣù kejì.
Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú, bọ́ọ̀sì dé.
Mo wọ aṣọ dúdú lọ. Àwọn aládùúgbò fojú sọ̀rọ̀.
N kò ju nǹkan kan.
Ìjà dé ìdajì, òmìrán kan tó ń jẹ́ Takasu
sọ Mabuchi gba àárín okùn jáde,
ó balẹ̀ gbì níwájú mi,
ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó ń ké,
rẹfirí ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta.
Láàárín igbe kan àti òmíràn, láìgbójú sókè,
ó ní, «Ìyá, ẹ kú ará fẹ́ra kù.»
Ó sì padà sídìí ìrora rẹ̀.

Èwo ni irọ́ níbẹ̀?

Lánàá ni wọ́n lu agogo ìdágbére fún un, ìgbà mẹ́wàá.
Wọ́n ti kọ́kọ́ dá a. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Ó dúró, báńdéèjì lórúnkún méjèèjì.
Mo ju bébà mi; apá ò gbé e mọ́,
ó já sí ìlà kìíní.
Ọmọkùnrin kan, eyín iwájú rẹ̀ ti yọ,
ṣà á nílẹ̀, ó tún un jù,
ìdí rẹ̀ sì fà yọ lọ́wọ́ mi.

Aró rẹ̀ kù sí ìka mi, àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàdáwà.
N kò tíì fọ ọwọ́.