Ìwọ̀n Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Yìnyín bo Burnley. Mo wọ súwẹ́tà méjì
nítorí owó iná, ṣùgbọ́n nínú àpótí onígíláàsì
ní yàrá Adérópò, ẹ̀ẹ̀rùn ni:
ìwọ̀n mọ́kànlélọ́gbọ̀n lápá kan,
mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lápá kejì,
kí ejò lè yan èyí tó wù ú.
Ta ló bi èmi léèrè èyí tó wù mí?

Nílé wa ní Ìwó, igi la fi ń kí ejò.
Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, kò ní iná tirẹ̀ nínú ara.
Bí òtútù bá mú un,
eku tó gbé mì yóò rà sí i nínú."

Lóru Ọjọ́rú, owó tán nínú mítà.
Adérópò wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí tẹmómítà:
mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rìnlélógún. Ogún.
Mo bú ejò, mo bú ọmọ, mo bú mítà,
mo se omi lórí gáàsì, mo rọ ọ́ sínú ike,
mo tì í sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́;
kó tó di aago mẹ́ta, ike ti tutù.
Mo ṣí gíláàsì.
Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ. Ó gbẹ, kò yọ̀.
Mo tì í sábẹ́ súwẹ́tà,
síbi ikùn tó gbé Adérópò.
Ó ká, ó dákẹ́.

Láàárọ̀, mo ra iná ogún pọ́n-ùn, n kò wí nǹkan kan.
Ọmọ dé, ó gbé ejò símú:
"Mọ́mì, ta ló fi òrí pa ejò mi lára?"