Ìtì Ìrókò ní Ìṣọ́kùn

Oníṣòwò pákó na téèpù
sí orí tó tín-ín-rín nìkan.
"Bàbá, iye tó jẹ́ nìyí."
Bí ẹni ń fi ìrù òjòlá tó gbé ìgalà mì
díwọ̀n ikùn rẹ̀.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi:
ẹ jẹ́ ká gé e láìgé e,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí àlùbọ́sà.
Ojú kọ̀ọ̀kan rí róbótó, fífẹ̀ wọn ò dọ́gba.
Fi fífẹ̀ ojú sọ nínípọn di púpọ̀,
kí nínípọn náà máa joro, kó máa joro,
kó kù díẹ̀ kó má sí mọ́;
wá ṣà wọ́n jọ, láti ìdí dé orí.

Ó rẹ́rìn-ín.
"Ṣé ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹnu la pákó?"

Bàbá mi ká ṣòkòtò sókè,
ó lóṣòó ti ìtì náà
bí baba tirẹ̀ ṣe ń lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá.
Òṣó ni màá ló gbowó mi."

Kí oòrùn tó wọ̀,
téèpù ti yí igi po lẹ́ẹ̀méje.

Ó ku kókó kan, wíwọ́, nídìí,
tí n ò mọ bí mo ṣe lè gé e.
Bàbá fọwọ́ pa á lára.
"Ibẹ̀ ni mo máa ń so ewúrẹ́ mọ́.
Fi ìyẹn ṣe ènì fún un."