Sálúbàtà Ẹlòmíràn

Akínfọlárìn wọlé ní kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì,
sálúbàtà ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa,
ti ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì.
Mo ní, "Bàtà rẹ dà?"
Ó ní wọ́n gbà á.
"Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ńkọ́?" Wọ́n gbà á.
Wọ́n fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ọmọ tuntun,
wọ́n gé èékánná rẹ̀,
wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọjá lára rẹ̀,
ẹ̀rọ náà ń ta bíi gúgúrú nínú agbada,
títí tó fi rọlẹ̀,
tí wọ́n wá ní kó máa lọ sílé.

Ó ní fáàfù kan ló kọ̀, kò padé.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré.
Gáàsì gba ojú ihò gíga jáde, ó lọ.
"Ó lọ síbo?"
Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.
"Sínú afẹ́fẹ́."

Àwa ará Òwenà, imú la fi ń mọ nǹkan.
A mọ iye ọjọ́ tí kòkó ti lò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀
láì ṣí ewé wò.
A ń gbóòórùn òjò tó ṣì ń rọ̀ ní Ìdànrè.
Èyí ò rùn.
Kò ní àwọ̀, kò tani lójú, kò tani nímú.
Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ;
afẹ́fẹ́ tiwa fẹ́, adìẹ ń jẹ̀ kiri,
a ò rí nǹkan kan.

Ní agogo mẹ́wàá, rédíò Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀.
Ọkùnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan ní kò tó nǹkan,
ó ní bí ẹni tó ya fọ́tò àyà ní ọsíbítù ni,
bí ẹni tó jókòó sóòrùn lọ́sàn-án kan.
Ó pe "díẹ̀" lẹ́ẹ̀meje. Mo fi ìka kà á.
Ìyá ọkọ mi, tó ń ṣa kòkó, ní,
"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà,"
ó sì ń ṣa kòkó rẹ̀ lọ.

Kòkó yẹn gan-an. Àpò mẹ́rìnlá,
orí símẹ́ǹtì ló wà láti ọjọ́ Ajé.
Bí òjò bá ṣú, mo mọ ohun tí mo máa ṣe:
màá figbe ta, àwọn ọmọ á sáré,
tàpólì á bò ó kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kán.
Ṣùgbọ́n ní agogo méjì òru, ta ni kó figbe ta?
Ojú ọ̀run mọ́ kedere.
Ọyẹ́ ń fẹ́ láti Àkúrẹ́ bọ̀,
ó ń gba orí òrùlé wa lọ sí Oǹdó,
àwa fa aṣọ borí, a ní òtútù ni.

Bọ́lájókòó tó ń ra kòkó pè mí lórí fóònù.
Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní,
kì í ṣe pé ẹ̀rù ń ba òun o.

Ọmọbìnrin méjì wá láti ilé-iṣẹ́ iná náà,
aṣọ funfun, ìbọ̀wọ́, ìwé.
Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kòkó kan, wọ́n já ewé ẹ̀fọ́,
wọ́n pọn omi odò sínú ìgò.
Oòrùn mú. Èyí tó kéré jù tọrọ omi.
Mo bù ú fún un.
Ó wo inú ife, ó wo ojú mi,
ó mu ún tán.
Ọ̀rọ̀ rédíò ò fi mí lọ́kàn balẹ̀
tó ife òfìfo yẹn.

Ṣùgbọ́n títí di ìrọ̀lẹ́
Akínfọlárìn ò gbé ọmọ rẹ̀.
Ó ní kò sí nǹkan, ara òun ti mọ́,
síbẹ̀ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.
Ọmọ rí sálúbàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́,
búlúù, pupa,
ó ṣubú, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde,
ó ń yà sí òsì, ó ń yà sí òsì,
ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.