Bàbá: Igbó

Yìnyín ń rọ̀ wẹ́wẹ́ sórí òrùlé ní Básẹ́lì,
inú ilé erinmi móoru, ó ń rùn bí koríko tútù.
Aago mẹ́rin ààbọ̀ òru lọmọ náà bọ́ sílẹ̀.
Mo gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀: kílò márùn-ún ó lé díẹ̀.
Awọ ara rẹ̀ ń dán bí ìṣaasùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Sápò, ìyá rẹ̀,
tí a fi orúkọ igbó kan pè, igbó tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí,
wò mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Abo ni.
Abo náà tún ni.
Síngápò kọ̀wé: abo. Bẹ̀líìnì: abo.
Akọ wọ́n bí ojú lọ́dún yìí;
ọ̀kan ṣoṣo tí Prágù rí, kò mu ọmú tó fi lọ.

Mo ṣí ìwé ìran,
èyí tí Alfons Zurbriggen fi lé mi lọ́wọ́
lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ kọ̀ láti máa ka ìlà tín-ín-rín.
Ogójì ọdún ló fi kọ ọ́:
bírò dúdú fún ìbí, pupa fún ikú,
pẹ́ńsùlù fún ohun tí kò dá a lójú.
"Regula, má fi bírò kọ àbá."

Nọ́ńbà. Ìyá. Bàbá. Ìlú tí a bí i sí. Ìlú tó kó lọ.
Kò sí àyè fún pé Sápò kì í jẹ kárọ́ọ̀tì
àfi tí a bá jù ú sínú omi fún un.
Ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́,
ẹ̀gbọ́n yóò gun àbúrò, a kò ní mọ̀,
ẹ̀jẹ̀ kan náà yóò máa yí po nínú adágún kan náà
títí tí yóò fi di omi lásán.

Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́.
Nọ́ńbà kìíní. Ìyá: Igbó. Bàbá: Igbó.
Ibi tí a ti mú un: Làìbéríà, létí odò kan.
Odò wo? Kò sódò tí kò lórúkọ.
Ẹni tó gbẹ́ kòtò náà mọ orúkọ odò;
ẹni tó kó ẹran wọ ọkọ̀ ojú omi kò bi í.
Bírò dúdú ni Alfons fi kọ Igbó.

Mo bi í nígbà kan pé èé ṣe
tí kò kọ "a kò mọ̀" síbẹ̀.
Ó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó pa ọ̀bẹ rẹ̀ dé.
Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin lòun
tí ìjọba fi já òun gbà lọ́wọ́ ìyá òun,
tí wọ́n fi òun fún àgbẹ̀ kan lórí òkè,
kí òun máa fún wàrà, kí òun máa sùn ti màlúù.
Òun dàgbà, òun lọ béèrè ìwé òun.
Akọ̀wé fa àpótí yọ, ó tì í padà.
Bàbá: a kò mọ̀.
Ìyá: wọ́n ti pa á rẹ́.
"Màlúù àgbẹ̀ yẹn," ó ní,
"ní ìwé ìran dé ìran keje."
Ó tún ọ̀bẹ ṣí, ó gé wàràkàṣì.
"Igbó sàn. Igbó ń bímọ."

Ẹgbẹ̀jọ ó lé méjìlá ni akọ Prágù,
ó lo wákàtí mẹ́ta láyé,
ìlà rẹ̀ gùn bí ìlà ẹni tó lo ogójì ọdún.
Ẹgbẹ̀jọ ó lé mẹ́tàlá ni tiwa.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe ilé àwọn arúgbó.
Kò béèrè bó ṣe tóbi tó.
"Ìyá rẹ̀ ńkọ́, o mọ̀ ọ́n?"
Mo mọ̀ ọ́n.
"Bàbá?"
Mo mọ̀ ọ́n.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ṣíbí nínú ife tíì,
ó ń yí, ó ń yí.
"Bírò dúdú, nígbà náà," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa."